Ìdí Tí Eèrà Fi Ń Forí Kan Orí Lójú Ọ̀nà

Nígbà láéláé, eèrà kì í dúró kí eèrà lójú ọ̀nà. Bí ọ̀kan ń lọ tí èkejì ń bọ̀, wọn á kàn kọjá lára wọn ni, kálukú pẹ̀lú ẹrù tirẹ̀. Ẹ má pè é ní àfojúdi o. Iṣẹ́ ló pọ̀.

Iṣẹ́ wo? Ẹ jẹ́ n sọ. Àwọn eèrà ní ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Ọwọ́-Kan-Ò-Gbẹ́rù-Dórí. Àmọ̀pé ni ìyá ẹgbẹ́. Bí ọyẹ́ bá ti dé tí koríko gbẹ, àwọn ni wọ́n ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn tí kò lè rìn. Erin ló ń fún wọn ní àgbàdo, torí èyí tó ń já bọ́ lẹ́nu Erin nìkan tó bọ́ odindi ìlú.

Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n ń bọ́, Bàbá Ìrẹ̀ ló sún mọ́ ọkàn Àmọ̀pé jù. Nígbà tí Àmọ̀pé wà ní kékeré tí àgbàrá ń gbé e lọ, Bàbá Ìrẹ̀ ló fò wọnú omi tó fà á jáde. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán, kò sì rìn mọ́ láti ìgbà náà. Lójoojúmọ́, bí arúgbó náà bá ti jẹun tán, á máa kọrin nínú ihò rẹ̀. Àmọ̀pé á gbọ́ orin náà láti ilé, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀.

Lọ́dún kan, Erin ránṣẹ́ wá. Ó ní òun ò sọ pé wọn ò ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n báwo ni òun ṣe fẹ́ mọ̀ pé àánú òun ń dé ibi tó yẹ kó dé? Ó ní òun ti rí àwọn ọ̀mọ̀ràn kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa wo iṣẹ́ oníṣẹ́, kí wọ́n sì sọ bí yóò ṣe dára sí i. Bí inú àwọn yẹn ò bá dùn, kò sí àgbàdo mọ́. Kí ni Àmọ̀pé fẹ́ wí? Ó gbà.

Lékeléke ni olórí àwọn ọ̀mọ̀ràn náà, aṣọ rẹ̀ funfun báláú. Alángbá ni igbákejì, iṣẹ́ tirẹ̀ ò sì ju kó máa mi orí sí gbogbo ohun tí ọ̀gá rẹ̀ bá sọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi jókòó lábẹ́ ibòòji tí wọ́n ń wo ìlà àwọn eèrà. Wọn ò dé ọ̀dọ̀ Bàbá Ìrẹ̀. Lékeléke ní erùpẹ̀ ọ̀nà ibẹ̀ ti pupa jù.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó ní àwọn eèrà ń sáré jù, wọn ò sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Láti òní lọ, bí eèrà méjì bá pàdé, kí wọ́n dúró, kí wọ́n forí kan orí, kí wọ́n bi ara wọn ní ìbéèrè méjìlá. Níbo lo ti ń bọ̀? Ìṣísẹ̀ mélòó lo rìn? Ṣé ẹni tó gba oúnjẹ rẹ́rìn-ín? Ṣé ẹ̀rín òní fẹ̀ ju ti àná lọ? Alángbá mi orí títí ọrùn fi fẹ́ kán.

Àmọ̀pé rọra ní, "Bí a bá ti gbọ́ orin Bàbá Ìrẹ̀, a ti mọ̀ pé wọ́n ti jẹun. Ṣé ìyẹn ò tó ni?"

Lékeléke wò ó tàánú-tàánú. "Ìyá wa, orin ò ṣe é wọ̀n."

Ohun kan wà tí àwọn ọ̀mọ̀ràn ò mọ̀, torí wọn ò bèèrè. Èèwọ̀ ni fún eèrà kó yà kúrò lórí ìlà, èèwọ̀ sì ni kó ya ẹni tó wà níwájú rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹni iwájú bá dúró, gbogbo ayé dúró. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ìlà ti dì pa láti oko Erin títí dé ẹnu ihò. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, àwọn tó wà níwájú ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìbéèrè keje, ẹrù sì wà lórí gbogbo wọn.

Lékeléke ránṣẹ́ sí Erin pé iṣẹ́ ti ń gbéra sọ: lánàá, ẹnikẹ́ni ò bèèrè nǹkan kan, lónìí, ìbéèrè ti lé ní ẹgbẹ̀rún. Inú Erin dùn dé ìdí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta tí ìbéèrè bẹ̀rẹ̀, Àmọ̀pé ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè tẹ́tí, kò gbọ́ orin. Ó sáré lọ bá Lékeléke. Ìyẹn ní ìròyìn ayọ̀ nìyẹn, ẹni tó bá yó kì í pariwo. Ó ní kí Alángbá fi sínú iṣẹ́ tí àwọn máa jẹ́ fún Erin: ariwo ti dínkù. Alángbá mi orí lẹ́ẹ̀mejì.

Inú bí Àmọ̀pé dé góńgó. Ó já ẹyọ àgbàdo kan gbà lórí ẹni tó sún mọ́ ọn, ó sì ṣe ohun tí eèrà kan ò ṣe rí. Ó yà kúrò lórí ìlà. Ó gba inú koríko gbígbẹ, ó ń sáré, ó ń sunkún, títí ó fi dé ihò Bàbá Ìrẹ̀.

Arúgbó náà ti na gbalaja, ìwo orí rẹ̀ ò mì mọ́. Àmọ̀pé rún àgbàdo lẹ́nu, ó ń fi í sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ó pẹ́ gan-an kí ó tó lajú.

Ó ní, "Àmọ̀pé, mo rò pé ẹ ti gbàgbé mi ni."

"A ò gbàgbé yín, Bàbá," ni Àmọ̀pé dáhùn, ojú sì tì í. "A ń bèèrè yín lọ́wọ́ ara wa ni."

Nígbà tó padà dé, ó ní kí Lékeléke tẹ̀ lé òun lọ wo Bàbá Ìrẹ̀ fúnra rẹ̀. Lékeléke wo erùpẹ̀ pupa, ó wo aṣọ rẹ̀, ó ní wọ́n ń retí òun níbòmíràn. Ẹ̀yìn màlúù ló gbà lọ. Ó ṣì ń yẹ ẹsẹ̀ màlúù wò títí di òní, ohun tí ẹsẹ̀ yẹn bá sì tú jáde nínú koríko ló ń jẹ. Alángbá gun ògiri, ó ń mi orí, kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀.

Erin ńkọ́? Àmọ̀pé mú un lọ sí ẹnu ihò Bàbá Ìrẹ̀ nígbà tí ara arúgbó náà yá. Erin na etí rẹ̀ sílẹ̀, ó gbọ́ orin. Pẹ̀lú gbogbo bí etí náà ṣe tóbi tó, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa fi í gbọ́ nǹkan gidi. Kò rán ọ̀mọ̀ràn kankan mọ́.

Ṣùgbọ́n Àmọ̀pé rò ó, ó rí i pé ìbéèrè fúnra rẹ̀ ò burú. Ká ní wọ́n bi ara wọn ní ẹyọ kan tó yẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, ebi ì bá má pa Bàbá. Ó da méjèèjìlá nù, ó fi ẹyọ kan rọ́pò wọn: "Ṣé wọ́n ti jẹun?"

Láti ọjọ́ náà ni eèrà méjì kò ti lè pàdé kí wọ́n má forí kan orí. Ẹ wò wọ́n lára ògiri ilé yín. Wọn á dúró fẹ́ẹ́rẹ́, wọn á bèèrè, wọn á gbọ́ èsì, wọn á kọjá. Bí ẹ bá sì rí èyí tó ṣẹ́rí padà lójijì, tó yà kúrò lórí ìlà tó ń sáré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yàgò fún un. Ẹnì kan ò tíì jẹun.