Oko Tó Fì Sẹ́gbẹ̀ẹ́

Wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ lè dọ́gba kí inú má dọ́gba. Bí èèyàn bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, á rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ méjì tó jọ ń rìn ni. Oko ló bí òwe náà.

Àwẹ̀ró, opó kan tó ń hun ẹní, gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Ládépò fẹ́ pín ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Ìròyìn náà fi ọjọ́ kan pẹ́. Kí ó tó dé abà, Ládépò ti pín in lánàá, ó sì ti mú tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ àṣà wọn ni pé ẹni tó pín nǹkan ló ń mú kẹ́yìn.

Ládépò ní kò sí ìjà níbẹ̀. Ọ̀pá kan náà lòun fi wọn oko méjèèjì, ọ̀pá mẹ́tàlá ni ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan yíká-yíká. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ gún bí ojú fèrèsé. Ti Àwẹ̀ró tẹ̀lé ọ̀nà odò, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí àtíbàbà tí ìjì tì. Ọmọ mẹ́ta ló sì ń wo ọwọ́ Àwẹ̀ró. Bí iṣu ibẹ̀ kò bá tó, ebi ni.

Àwẹ̀ró wọn oko rẹ̀ láti igun dé igun tó dojú kọ ọ́: ọ̀pá mẹ́rìnlélógún lóròó, mẹ́wàá níbùú.

Ládépò rẹ́rìn-ín. "Ahunní ni yóò wá kọ́ mi lóko?"

"Ẹní náà ló kọ́ mi, ẹ̀gbọ́n mi. Bí ẹní bá fì, etí rẹ̀ kì í kúrú, àmọ́ iye ẹni tó ń gbà yóò dín."

Ó gé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bí oko náà ṣe rí. Ó là á lóròó, ó tún la ìdajì kan sí méjì, ó fi wọ́n ti ẹ̀gbẹ́ ìdajì kejì lọ́tùn-ún lósì. Ewé náà di gbọọrọ, igun rẹ̀ gún régé: òró ṣì jẹ́ mẹ́rìnlélógún, ìbú di márùn-ún péré. Bí ebè kan bá gba ọ̀pá kan lóròó àti níbùú, ebè márùn-ún lọ́nà mẹ́rìnlélógún jẹ́ ọgọ́fà. Ti Ládépò, mẹ́tàlá lọ́nà mẹ́tàlá, jẹ́ àádọ́sàn-án dín kan.

Ládépò wo ewé náà títí. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ojú sì tì í. Ó ní kí Àwẹ̀ró gbàgbé àná, kí ó mú èyí tó wù ú. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, ilẹ̀ ń ta sánsán bí ẹni pé kò tíì sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́ rí.

"Ẹ̀gbẹ́ lè dọ́gba kí inú má dọ́gba," ni Àwẹ̀ró wí. "Inú tiyín dáa, ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀. Oko tí ẹ mú lánàá ni mo mú."