Bíríkìlà Tó Fẹ́ràn Ògiri Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà, bíríkìlà ni, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ́ ilé tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Ó fẹ́ràn ògiri ilé náà bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Lọ́jọ́ kan, ó rí ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń sun iwájú ṣọ́ọ̀bù kiri láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Àánú rẹ̀ ṣe é. Ó mú un wálé, ó fún un ní yàrá àti kọ́kọ́rọ́, ó sì rò pé iṣẹ́ ti parí.

Ọmọ náà kì í fọhùn púpọ̀, àfi kó máa dúpẹ́. Kò tú báàgì rẹ̀. Lọ́jọ́ tó tọrọ òòlù kó lè kan ìṣó tí yóò fi aṣọ kọ́, bíríkìlà figbe ta: "Háà! Má dá ògiri mi lu o!"

Ọmọ náà ní, "Ẹ má bínú, sà." Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, yàrá ti ṣófo.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù ni ọkùnrin náà ti bá a. Ó ní, "Ọmọ mi, kí ni mo fi dù ọ́?"

"Ẹ ò fi nǹkan kan dù mí, sà. Ṣùgbọ́n ilé tí n ò lè kan ìṣó sí, mo mọ̀ pé ẹ ó lé mi lọ́jọ́ kan. Mo ní kí n tètè lọ."

Omijé bọ́ lójú bàbá yìí. Ó ní, "Ògiri tó bá lu, ṣebí èmi náà ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́ ẹ. Jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ó tẹ̀lé e. Kò rọrùn o. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, òun àti ìyàwó bíríkìlà jà nítorí ìkòkò tí kò fọ̀. Ọmọ náà fi ìbínú jáde. Ìyá ilé ní ọmọ ti tún lọ nìyẹn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọmọ náà wọlé, ó ṣì fajú ro, ó ní, "Mà, oúnjẹ tèmi dà?" Ìyá rẹ́rìn-ín títí tó fi ń sunkún.

Arábìnrin mi, mo gbọ́ pé ìwọ náà gba ọmọ kan sílé, o sì ń yangàn pé kì í jiyàn. Rọra. Adìẹ tó bá dé ìlú tuntun, ẹsẹ̀ kan ló fi ń dúró. Ọmọ tó ń dúpẹ́ ṣáá, àlejò ni. Lọ́jọ́ tó bá bá ọ jà, tó sì tún wá bèèrè oúnjẹ rẹ̀, bu ẹran kún un. Ó ti délé nìyẹn.