Ọjọ́ tí Bàbá Fẹ́hìn Bi Omi Léèrè

Òwe kan wà tí wọ́n ń pa ní àdúgbò Ìtókò ní Abẹ́òkúta, tó máa ń dà bí àlọ́ létí àlejò. Wọ́n á ní, "Ẹja kì í fẹjọ́ omi sùn, ẹni tó ń sìn ín ní í bi omi léèrè." Apá àkọ́kọ́ yéni. Ta ló gbọ́ ohùn ẹja rí? Apá kejì ló ta kókó. Báwo lèèyàn ṣe ń bi omi léèrè? Ṣé omi lẹ́nu ni, àbí a ó gbé àga fún un kó jókòó? Ẹ fara balẹ̀. Ilé tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ kò jìnnà, ọkùnrin tí omi dá lóhùn sì wà láyé, ó ń jẹ, ó ń mu.

Adéróunmú Olúgbòdé ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Fẹ́hìn ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí Fẹ́hìntọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ló fi bá ilé-iṣẹ́ omi ṣiṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Kò síbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ omi tí kì í dá sí i. Bí kànga ẹnì kan bá ń rùn, òun ni yóò kọ́kọ́ yọjú. Bí òjò bá pẹ́ kó tó rọ̀, yóò ṣàlàyé ìdí rẹ̀ bí ẹni pé òun àti òjò jọ ń gbé ilé kan náà ni. "Omi kan ò lè purọ́ fún mi," báyìí ló máa ń wí, tí yóò sì fọwọ́ sọ àyà.

Fẹ́hìntọ́lá ló kó ẹja wọ ilé náà. Nígbà tó ń lọ sí Kánádà, ó fi àpótí gíláàsì ńlá kan sílẹ̀ ní pálọ̀, ẹja mẹ́ta sì wà nínú rẹ̀. Ẹja wíwò ni, kì í ṣe ẹja jíjẹ. Èyí tó tóbi jù pupa fòò, ìrù rẹ̀ sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí agbádá ẹni tó ń lọ síbi ìwúyè, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Olóyè. Ọmọ náà tún fún bàbá rẹ̀ ní páálí kékeré kan.

"Bàbá mi, ìgò oògùn wà nínú ẹ̀. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa bu omi díẹ̀ nínú àpótí yìí, kẹ́ ẹ kán oògùn sí i, kẹ́ ẹ wo àwọ̀ tó máa yọ. Òun ló máa sọ fún yín bí omi bá ti ń léwu fún wọn."

Bàbá Fẹ́hìn gbà á tẹ̀ríntẹ̀rín. Ọmọ náà kò tíì dé pápákọ̀ òfuurufú tí bàbá rẹ̀ fi gbé páálí sórí kọ́bọ́ọ̀dù, tó sì gbé aago lé e. Òun tó fi ọgbọ̀n ọdún bá omi ṣiṣẹ́! "Ṣé Fẹ́hìn fẹ́ kí n máa bi omi léèrè ni?" ó bi Àmọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Lọ́dọọdún ni ọmọ ń fi páálí tuntun ránṣẹ́, nítorí oògùn náà máa ń bà jẹ́ tó bá pẹ́. Lọ́dọọdún náà ni aago ń ga sí i lórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọdún mẹ́fà kọjá báyìí, ẹja kò sì ṣàìsàn. Ká sọ òótọ́, ọ̀lẹ ló ran Bàbá Fẹ́hìn lọ́wọ́. Omi díẹ̀ ló máa ń pààrọ̀; kì í fọwọ́ kan fóòmù tí ẹ̀rọ kékeré fi ń sẹ́ omi, nítorí ó ń rí i lára. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, Fẹ́hìntọ́lá á pè lórí fóònù, ojú rẹ̀ á máa dán. Bàbá á ní, "Ṣé dáadáa lo wà?" Ọmọ á ní, "Dáadáa ni mo wà, Bàbá mi." Kíá, ọmọ tirẹ̀, Jadesọ́lá, ọmọ ọdún márùn-ún, á gba fóònù, yóò ní kí wọ́n gbé òun lọ sọ́dọ̀ Olóyè. Olóyè ló máa ń kọ́kọ́ kí kó tó kí bàbá àgbà.

Nígbà tó wá di ọdún keje, ìròyìn dé: Fẹ́hìntọ́lá àti Jadesọ́lá ń bọ̀ nílé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Inú Bàbá Fẹ́hìn dùn débi pé kò lè jókòó jẹun. Ó kun ògiri. Ó tún ilẹ̀kùn ṣe. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó kojú sí omi.

Nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, àlejò kì í wọlé kí wọ́n má tíì fọ àmù. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé àmù tó bá ń yọ̀ nínú ń tú àṣírí obìnrin ilé. Iyanrìn àti ewé ìpín ni wọ́n fi ń ha á títí yóò fi ké lábẹ́ ọwọ́. Àpótí gíláàsì náà kò sì jọ nǹkan mìíràn lójú Bàbá Fẹ́hìn ju àmù lọ. Ó kó ẹja sínú bàsíà, ó da gbogbo omi nù, ó fọ òkúta, ó ha gíláàsì. Nígbà tó fún fóòmù, ẹrẹ̀ dúdú tú jáde, ara rẹ̀ sì bù máṣọ. Ó gbé kẹ́tùlù kaná, ó da omi híhó lé fóòmù náà lórí, títí ó fi funfun bí ìgbà tí wọ́n rà á. Kò lo ọṣẹ. Ó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Kò sì lo omi ẹ̀rọ, nítorí ó mọ̀ pé oògùn tí wọ́n ń fi sí i lè pa ẹja. Omi òjò inú dúrọ́ọ̀mù ló bù sí i.

Àpótí náà dán gbinrin. Ní Ọjọ́rú, ó pe àwọn aládùúgbò wá wò ó. Ó mú ife, ó bu omi nínú rẹ̀, ó gbé e mu tán lójú gbogbo wọn.

"Omi tí èmi Olúgbòdé lè mu," ó wí, "kí ni yóò fi ṣe ẹja?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àmọ̀kẹ́ nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. "Ṣé ẹ ti fi oògùn Fẹ́hìn wò ó?" ó béèrè. Ọkọ rẹ̀ fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Àmọ̀kẹ́ ké sí i láti pálọ̀. "Bàbá Fẹ́hìn, ẹ wá wo Olóyè. Ojú omi ló wà, ó ń yanu."

"Ebi ló ń pa á," Bàbá Fẹ́hìn wí, ó sì bu oúnjẹ ẹ̀kúnwọ́ dà sí i.

Olóyè kò wo oúnjẹ. Ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé. Ẹ̀gbẹ́ ọrùn tó fi ń mí, tó máa ń pupa bí ẹ̀jẹ̀, ti di àwọ̀ ilẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn kékeré ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sórí òkúta. Bàbá Fẹ́hìn bẹ̀rẹ̀ wo inú gíláàsì. Kí ni yóò sọ fún Jadesọ́lá lọ́la? Ọmọ tó ń ti ìlú òyìnbó bọ̀ wá kí Olóyè, ṣé òkú ni wọ́n fẹ́ kó wá bá?

"Omi yìí mọ́," ó wí. "Mo mu ún lójú gbogbo yín."

Àmọ̀kẹ́ ti ṣe olùkọ́ ọmọ kékeré pẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Ó fọwọ́ lé ìbàdí. "Ẹ̀yin mu ife kan, ẹ jáde lọ jókòó sábẹ́ igi. Ẹja ò jáde níbẹ̀. Kò sì lẹ́nu tó lè fi fẹjọ́ omi sùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sìn ín ló yẹ kẹ́ ẹ bi omi léèrè."

Ó gbé aago kúrò, ó mú páálí tó wà lókè pátápátá. Ó ka ìwé inú rẹ̀ sókè ketekete. Bàbá Fẹ́hìn bu omi sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, ó kán oògùn sí i lẹ́ẹ̀marùn-ún. Májèlé kan tí wọ́n ń pè ní náítíráìtì ni wọ́n ń wá. Bí omi bá dúró ní àwọ̀ ojú ọ̀run, kò sí nínú rẹ̀. Bó bá di elésè àlùkò, ewu dé. Ìwé ní kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Omi náà kò dúró tó bẹ́ẹ̀. Ó ti di elésè àlùkò kí Àmọ̀kẹ́ tó wo aago.

Omi tó mọ́ gbinrin, tó mu lójú ayé! Bàbá Fẹ́hìn pe Múfútáù tó ń ta ẹja wíwò ní Kútọ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá," Múfútáù wí, "ṣé ẹ fọ fóòmù ẹ̀rọ ni?"

"Mo fọ̀ ọ́."

"Ṣé kì í ṣe omi gbígbóná lẹ fi fọ̀ ọ́?"

Bàbá Fẹ́hìn wo kẹ́tùlù. "Ó hó," ó wí.

"Háà, Bàbá. Àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tójú ò lè rí ló ń gbé inú ìdọ̀tí yẹn. Àwọn ló ń sọ májèlé tó ń jáde lára ẹja di nǹkan tí ò lè pa á. Ẹ ti bọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn; àwọn díẹ̀ tó kù ò lè ṣe é parí, ibi náítíráìtì ló dúró sí. Náítíráìtì yìí ti wọ ẹ̀jẹ̀ ẹja yín. Ó ń mí, ṣùgbọ́n èémí ò dé ara. Ẹ yọ oúnjẹ yẹn kúrò. Ẹ da ìdajì omi nù, ẹ fi omi òjò dí i, ẹ po iyọ̀ díẹ̀ sí i. Mo ń bọ̀."

Bí ilé ṣe gbóná nìyẹn. Bàbá Fẹ́hìn ń gbọ́n omi, Àmọ̀kẹ́ ń wọn iyọ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀kadà fi gbé Múfútáù dé, ó sì gbé ọ̀rá omi kan dání. Fóòmù tó ti wà nínú àpótí ẹja tirẹ̀ ló wà nínú ọ̀rá náà: ó dúdú, ó ń yọ̀, ó ń rùn bí etí odò. Ohun tí Bàbá Fẹ́hìn dà nù ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun gẹ́lẹ́ ni wọ́n tún gbé wá bá a.

"Ọwọ́ yín ni kẹ́ ẹ fi gbé e sí i," Múfútáù wí. "Ẹ má fọ̀ ọ́ o."

Bàbá Fẹ́hìn rántí ìyá rẹ̀, ó dijú, ó sì gbé e sínú omi.

Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n bi omi léèrè. Àwọ̀ náà ti ṣá díẹ̀. Wọ́n tún pààrọ̀ omi. Nírọ̀lẹ́, ẹja tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ dìde. Bàbá Fẹ́hìn pariwo débi pé aládùúgbò rò pé àlejò ti dé. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kó tó bọ́jú, ó ti gbé ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ náà sójú oòrùn: ojú ọ̀run ni, elésè àlùkò kò ju fírífírí lọ. Olóyè ń fa agbádá rẹ̀ káàkiri inú omi.

Ọkọ̀ fun fèrè lójúde. Jadesọ́lá sáré gba abẹ́ apá gbogbo èèyàn kọjá, ó fi imú lé gíláàsì. "Olóyè, ẹ káàárọ̀, sà." Ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn aládùúgbò gbé ife fún Bàbá Fẹ́hìn pé kó tún mu omi náà kí àlejò rí i. Ó gba ife, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì, ó sì ròyìn gbogbo bó ṣe jẹ́ láìbo ara rẹ̀ láṣìírí, àti kẹ́tùlù, àti aago.

Fẹ́hìntọ́lá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ara rẹ̀ mú. Bàbá rẹ̀ ń wò ó. Ojú ọmọ náà ń dán, bó ṣe máa ń dán lórí fóònù. Nígbà tí àwọn aládùúgbò lọ tán, ó fa àga súnmọ́ ọmọ rẹ̀.

"Fẹ́hìn," ó wí, "omi tìẹ lọ́hùn-ún ńkọ́?"

Ọmọ náà yanu láti sọ pé dáadáa ni. Ẹnu rẹ̀ ṣí, ó pa dé, ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Ó gbé orí lé èjìká bàbá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó ti ń dá rù láti ọdún mẹ́fà. Bàbá Fẹ́hìn kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí ó fi sọ ọ́ tán.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pa á lówe ní Ìtókò. Bí ìyàwó tuntun bá ń rẹ́rìn-ín nílé ọkọ, bí ọmọ tí wọ́n fi sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bá ń sanra, wọ́n á ní ẹ má wo dídán ojú, ẹ súnmọ́ ọn, ẹ béèrè. Ẹja kì í fẹjọ́ omi sùn; ẹni tó ń sìn ín ní í bi omi léèrè.