Áyọ́ọ̀nù Eléèédú Làmídì Télọ̀

"Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́." Ẹnu ìyàwó Làmídì télọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó lórí òwe yìí kí ọlọ́jọ́ tó dé bá a, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ò gbọ́. Lọ́dọọdún, bí iṣẹ́ Iléyá bá ti parí, Làmídì á ra ẹyọ owó wúrà kan, á fi àkísà wé e kó má baà dún, á sì tì í bọ inú áyọ́ọ̀nù eléèédú àtijọ́.

Sìdíkátù, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, a máa bi í pé, "Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi irin tó ti dípẹtà yìí ṣe?"

Á rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ ń bọ̀ tí wàá mọ̀."

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Ó mú ọwọ́, ó mú ẹsẹ̀, ó mú ahọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí oògùn tán, Sìdíkátù pe ọkùnrin tó ń ra irin àlòkù kiri. Orí ẹní ni Làmídì wà tó ń wo áyọ́ọ̀nù rẹ̀ bó ṣe ń bọ́ sínú ọmọlanke. Ó sapá títí, itọ́ nìkan ló jáde.

Sìdíkátù fi etí ìró nu omijé bàbá rẹ̀.

"Ẹ má sunkún mọ́, Bàbá mi. Owó irin náà tó ra oògùn tòní."