A Kì Í Fi Òṣùwọ̀n Yan Ògbufọ̀

Wọ́n máa ń pa á lówe nílùú Arárọ̀mi pé a kì í fi òṣùwọ̀n yan ògbufọ̀. Àlejò tó bá gbọ́ ọ a máa rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò gbé ènìyàn sórí òṣùwọ̀n kó tó ní kó bá òun túmọ̀ ọ̀rọ̀? Kò sẹ́ni tó gbé ènìyàn sí i. Irin ni wọ́n wọ̀n, Fátúkàsí ló sì wọ̀n ọ́n.

Fátúkàsí ló ń bá àwọn àgbẹ̀ Arárọ̀mi wọn kòkó. Iṣẹ́ náà ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀ débi pé kò lè ra iṣu kan kó má kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n gìtá ló wà lọ́kàn rẹ̀. Òun ló ń ta á nínú ẹgbẹ́ olórin Sàmú, ìlù sì máa ń bo gìtá náà mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà sú Sàmú.

“Sátidé la ó ṣeré níbi ìṣílé gbọ̀ngàn ìlú. Bí n kò bá gbọ́ gìtá rẹ, ọmọ Iléṣà tó mọ gìtá í ta yẹn ni yóò jókòó sípò rẹ.”

Fátúkàsí bẹ̀rẹ̀ sí fọwọ́ ara rẹ̀ kan ẹ̀rọ tí yóò gbé ohùn gìtá sókè. Ó ti ní fáàfù, àwọn ìgò tó máa ń pọ́n bí ẹyin iná nínú rédíò àtijọ́. Ó ti ní sípíkà. Ó ku transifọ́má tí yóò wà láàárín wọn. Ó gba ilé Bàbá Ògúnṣakin lọ, ẹni tó ń tún rédíò ṣe.

Bàbá gbé ọ̀kan tó kéré bí àkàrà fún un. “Inú rédíò tó ní irú fáàfù rẹ gan-an ni mo ti yọ ọ́.”

Fátúkàsí jù ú sókè, ó hán an. “Kò wúwo, Bàbá. Tìsàlẹ̀ tábìlì yẹn ńkọ́?”

“Ìyẹn? Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbaná sí bátìrì mọ́tò ló ni ín. Kò mọ nǹkan kan nípa ohùn.”

Fátúkàsí ti fa òṣùwọ̀n yọ nínú àpò. Ó gbé kékeré kọ́: kò tó ìdajì kílò. Ó gbé ńlá kọ́.

“Kílò márùn-ún! Kí lẹ wá ń fún mi ní ọmọ jòjòló sí?”

Bàbá fọwọ́ lérí. “Ṣé kòkó la fẹ́ tà ni? Gbọ́. Fáàfù ń sọ èdè tirẹ̀, sípíkà kò gbọ́ èdè yẹn. Nǹkan yìí ni ògbufọ̀ wọn. Bí wọ́n ṣe yí okùn bàbà mọ́ ọn lára ni ọgbọ́n rẹ̀, kì í ṣe irin.”

“Ògbufọ̀ tó bá sanra lohùn rẹ̀ máa ròkè.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Òṣùwọ̀n kì í purọ́, Bàbá.”

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàbá ṣàlàyé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Fátúkàsí tún irin náà wọ̀n.

“Gbé e! Gbé e kúrò níwájú mi kí ẹ̀jẹ̀ mi tó ru.”

Fátúkàsí so irin ńlá náà mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ nílé. Ó tàn án, ó ta gìtá.

Wúràọlá ìyàwó rẹ̀ yọjú. “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé gìtá nìyẹn, àbí ẹnìkan ló ń hanrun nínú ìkòkò?”

“Ara rẹ̀ ò tíì yá ni.”

Ara rẹ̀ kò yá títí di Sátidé. Gbọ̀ngàn kún, Sàmú gbé orin, ó kan gìtá. Ẹ̀rọ náà ń hanrun, fáàfù ń pọ́n sí i, títí ọ̀kan fi bẹ́, pàù! Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ Iléṣà bọ́ síwájú pẹ̀lú àpótí kan tó fi ọwọ́ kan gbé. Gìtá rẹ̀ ké, àwọn ará ọjà gbọ́ ọ.

Fátúkàsí rí Bàbá Ògúnṣakin láàárín èrò. “Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

Bàbá fi igbe ta.

“Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ọ́! Mò ń sọ̀rọ̀, o ń wọn irin! Ta ló ń fi òṣùwọ̀n yan ògbufọ̀?”

Sàmú gbọ́ ọ. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ló sọ ọ́ dorin, ọmọ Iléṣà sì ń fi gìtá gbè é.

Fátúkàsí kò padà jókòó sípò rẹ̀ mọ́. Irin kílò márùn-ún yẹn ló fi ń dá ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ dúró kí afẹ́fẹ́ má baà gbá a dé. Ṣùgbọ́n orin Sàmú di òwe: bí ẹbí bá ń wá alárinà ìgbéyàwó, tí ẹnìkan ń tọ́ka sí ọkùnrin abikùn ńlá nítorí agbádá rẹ̀, àwọn àgbà Arárọ̀mi á ní: “Ṣé ó gbọ́ èdè ilé méjèèjì? A kì í fi òṣùwọ̀n yan ògbufọ̀.”