Àwòrán Ìyá Ẹtu

Ààlọ́ o! Ààlọ̀! Ẹ gbé ohùn sókè, ẹ̀yin ọmọ. Ibi tí mo rìn dé, ẹyẹ ò fò débẹ̀ rí.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ni ayàwòrán inú igbó. Ìrù ẹ̀ ló fi ń kun osùn àti ẹfun sára àpáta. Ìyá Ẹtu wá bá a.

"Ọ̀gá, ọ̀dá ti dé, mo fẹ́ sọdá odò lọ wá oúnjẹ. Ẹ bá mi yàwòrán ara mi sílẹ̀, kí ọmọ mi má gbàgbé mi."

"Ẹ fọkàn balẹ̀! Ta ló mọ àwòrán yà tó mi?"

Ó ní kó dúró gbagidi, ló bá ń kọrin:

"Ìyá Ẹtu, má mira o."
Jàǹjálá!
"Èmi ọ̀gá ń yà ọ́ o."
Jàǹjálá!

Ọmọ Ẹtu wo àwòrán náà. "Ta nìyí?"

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Ẹtu lé tìróò, Ọ̀kẹ́rẹ́ sì tún un yà. Ọmọ kúnlẹ̀ síwájú àpáta: "Ẹ káàárọ̀ o, àlejò."

Ojú ti Ọ̀kẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní, "Ìyá Ẹtu, ẹ gbàgbé pé mo ń yà yín, ẹ máa tọ́jú ọmọ yín." Ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń lá ọmọ ẹ̀ létí. Ọ̀kẹ́rẹ́ wò ó títí, kó tó rọra ti ìrù bọ osùn. Kò kọrin mọ́.

Nígbà tí ìyá ẹ̀ sọdá odò, ọmọ lọ síbi àpáta, ó fi etí ti ahọ́n inú àwòrán náà, ó sì sùn lọ.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi sùn sí. Bí mo bá purọ́, kí ẹnu mi má mọ adùn iyọ̀ mọ́.