Òkété Tó Kó Èkùrọ́ Dí Ọ̀nà Ẹ̀yìn

Àlọ́ o!
Àlọ̀!
Àlọ́ mi rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ó tẹsẹ̀ bọ omi, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà Òkété.

Òkété àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé inú ihò létí odò. Ọ̀nà méjì ni ihò òkété máa ń ní, ṣùgbọ́n ìyá yìí ti kó èkùrọ́ dí ọ̀nà ẹ̀yìn. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ta ló kó ẹ̀pà sábẹ́ ìrọ̀rí lánàá?

Akàn, aládùúgbò rẹ̀, dé, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Òjò ti rọ̀ lókè odò,
— Kó ọmọ rẹ!
Omi ń bọ̀ wá kí ọ nílé,
— Kó ọmọ rẹ!

Òkété yọjú wo ojú ọ̀run. "Akàn onírìn ẹ̀gbẹ́, òjò dà? Ilẹ̀ ibí gbẹ."

Nígbà tí omi bo òkúta ìfọṣọ etí odò, Akàn tún kọrin wá. Òkété ní, "Jẹ́ kí n to èkùrọ́ mi tán ná."

Lẹ́ẹ̀kẹta, omi ló kọ́kọ́ gba ọ̀nà iwájú wọlé, Akàn tẹ̀lé e. Omi mu àbíkẹ́yìn Òkété dé ọrùn, ó ń ké. Ìyá sáré sí ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ń fọwọ́ fẹnu da èkùrọ́ sómi, Akàn ń fi ẹ̀mú ràn án lọ́wọ́, títí ọ̀nà fi là. Ó gbé àbíkẹ́yìn sẹ́nu, àwọn yòókù di ìrù rẹ̀ mú, wọ́n bọ́ sórí òkè.

Akàn ní, "Ìyá Òkété, ṣé ká sáré lé èkùrọ́?"

Òkété ń lá omi kúrò lára ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Jẹ́ kó máa lọ. Èyí tí mo gbé sá rèé."

Ibí ni àlọ́ mi gúnlẹ̀ sí. Ó yá, ẹ gbé àpótí yẹn kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé wa.